Ta Ni Ọ̀gá? Ìtàn Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ àti Ilé-iṣẹ́ Òkè-Òkun, láti Etíkun Ìlàjẹ dé Nairobi

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í ṣe amòfin. Òpìtàn ni mí. Ohun tí ó kan òpìtàn nínú ọ̀ràn ẹjọ́ kì í ṣe ẹni tí ó jàre nìkan. Ó tún fẹ́ mọ bí ọ̀ràn náà ṣe dé iwájú adájọ́, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé iwájú adájọ́ yẹn ni ó dé, tí kì í ṣe iwájú ẹlòmíràn.

Ọ̀ràn náà kò ṣòro láti là sílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà bá ní iṣẹ́ tí kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí ó gbé e fún agbaṣẹ́ṣe, tí agbaṣẹ́ṣe náà sì gbé e wá sí Áfíríkà nítorí pé owó iṣẹ́ kéré níhìn-ín, tí ó gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́, tí iṣẹ́ náà sì pa wọ́n lára, ta ni kí wọ́n pè lẹ́jọ́? Níbo ni kí wọ́n sì ti pè é? Ìbéèrè méjì péré ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ owó. Èrò tèmi ni pé fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ ni a ti ja púpọ̀ nínú irú ìjà yìí, kì í ṣe inú ilé-ẹjọ́. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí ó ni iṣẹ́ àti ilẹ̀ tí ó yẹ kí a ti gbọ́ ẹjọ́, ọgbẹ́ ẹni tí a pa lára sì ń kẹ̀ ní ìta. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nairobi láàrin ọdún 2022 sí 2024 yàtọ̀, nítorí pé ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ tí a ti ṣe iṣẹ́ ni ó sọ fún ilé-iṣẹ́ òkè-òkun pé kí ó wá jẹ́jọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àjèjì ni agbaṣẹ́ṣe jẹ́ sí àwa Yorùbá. Ẹni tí oko rẹ̀ bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ a máa bẹ ọ̀wẹ̀, tàbí kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ṣe àárọ̀. Bí kò bá sì rí ẹni bá a ro ó, a fi owó pe alágbàro. Alágbàro mọ oko tí òun ń ro, ó mọ ẹni tí ó ni ín, ó sì mọ ẹnu ọ̀nà tí òun yóò lọ jókòó sí bí owó òun kò bá pé. Nínú ọ̀ràn ìwọ̀fà pàápàá, tí ó le ju àgbàro lọ dáadáa, Samuel Johnson ṣe àlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921 pé májẹ̀mú ni, àti pé onígbọ̀wọ́ a máa wà láàrin olówó àti ìwọ̀fà. Èmi kò sọ èyí láti fi ìwọ̀fà ṣe ohun rere. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fi ìgbà èwe rẹ̀ san gbèsè tí kò jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ ẹni tí ó jẹ́ olówó. Òwe wa sọ pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí gbà pé a mọ ẹni tí ó rán ni.

Ìlú Nairobi fúnra rẹ̀, tí ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀, ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe ni a ti bí i. Kò sí ìlú níbẹ̀ kí reluwé tó dé. Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Mombasa lọ sí adágún Victoria; ní 1899 wọ́n dé pápá olómi kan, wọ́n sọ ibẹ̀ di ibùdó, ibùdó sì di ìlú. Àwọn ará Íńdíà tí wọ́n tó 32,000 ni a kó wá fún iṣẹ́ náà pẹ̀lú àdéhùn, nǹkan bí 2,500 nínú wọn ni ó sì kú sí ẹnu iṣẹ́ kí ojú irin tó dé etí adágún ní 1901. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó gba àgbàṣe kíkó òṣìṣẹ́ wá àti bíbọ́ wọn ni A. M. Jeevanjee, oníṣòwò ará Karachi, ẹni tí ọgbà ìgbafẹ́ kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní àárín ìlú Nairobi.

Òfin ìgbà náà mọ ẹni tí ó ń dáàbò bò. Ní 1906 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin ọ̀gá àti ọmọọ̀dọ̀ ní Kẹ́ńyà. Lábẹ́ òfin yìí, bí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àdéhùn rẹ̀ tó pé, tàbí tí ó kọ̀ láti ṣe ohun tí a pàṣẹ fún un, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni. Wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e tàbí kí wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni kípándè tún dé, ìwé ìdánimọ̀ tí ọkùnrin adúláwọ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé kiri, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ àti orúkọ ọ̀gá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì ń fi okùn so mọ́ ọrùn nínú àpótí irin kékeré. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ ọ̀gá wà nínú ìwé náà. Nígbà tí ìjọba ń wá òṣìṣẹ́ tí ó sá, kò ṣòro rárá láti mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ ń wá ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di àdììtú.

Ẹ jẹ́ kí a fo ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Nígbà tí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà ti gba òmìnira, tí àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí pe ilé-iṣẹ́ òkèèrè lẹ́jọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gbé ẹjọ́ wọn lọ sí ìlú tí ilé-iṣẹ́ náà ti wá. Àwọn awakùsà àti ará ìlú ní Gúúsù Áfíríkà tí òkúta asbẹ́sítọ̀ọ̀sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ pe ilé-iṣẹ́ Cape lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù; wọ́n lé ní 3,000. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé Gúúsù Áfíríkà ni kí wọ́n ti lọ rojọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dára létí, àbí? Àfi ìgbà tí a bá mọ̀ pé kò sí owó agbẹjọ́rò fún wọn ní ilé, tí ẹjọ́ náà ì bá sì kú síbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2000 ni àwọn adájọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún wọn pé kí ẹjọ́ náà dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ọdún ti lọ lórí ibi tí a ó ti gbọ́ ọ nìkan, àwọn olùpẹjọ́ kan sì ti kú.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti àwọn ará Ìlàjẹ, ní etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lé ní 100 wọ ọkọ̀ lọ sí orí ibùdó ìwapo Parabe tí ó jẹ́ ti Chevron lójú òkun. Ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé omi iyọ̀ ti ya wọ inú omi dídùn wọn, ẹja ń kú, igi ń rọ, kò sì sí iṣẹ́ fún wọn nínú ọrọ̀ tí a ń fà jáde níwájú ilé wọn. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè Awoyè yóò mọ ohun tí omi lè ṣe sí ìlú. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ọkọ̀ òfuurufú tí ilé-iṣẹ́ náà háyà gbé àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Wọ́n yìnbọn, ènìyàn méjì kú, àwọn mìíràn fara gbọgbẹ́.

Ní 1999 ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní San Francisco, níbi tí ẹjọ́ náà ti gba orúkọ Bowoto, ọ̀kan nínú àwọn tí ìbọn bà. Ìdáhùn Chevron ni ìdáhùn tí a ó máa gbọ́ títí di ìparí ọ̀rọ̀ mi yìí: ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà kọ́ ni ilé-iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí ọ̀kan ṣe, ẹ má fi kọ́ ọrùn èkejì. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi jiyàn lórí èyí. Ní 2004 ni Adájọ́ Susan Illston sọ pé ẹ̀rí wà tí ó tó láti jẹ́ kí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ gbé e yẹ̀ wò bóyá aṣojú ni ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà jẹ́ fún ti Amẹ́ríkà nínú ọ̀ràn náà. Lójú tèmi, ìpinnu yìí ṣe pàtàkì ju ìgbẹ̀yìn ẹjọ́ náà lọ. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dára fún àwọn ará Ìlàjẹ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2008, àwọn onídàájọ́ ará San Francisco, tí Chevron ti sọ fún pé ajínigbé ni àwọn ọ̀dọ́ náà, kì í ṣe olùfẹ̀hónúhàn, dá ilé-iṣẹ́ náà láre pátápátá. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2010. Ọdún méjìlá ti kọjá lẹ́yìn ìbọn. Mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá àwọn ará ìlú kan tí wọ́n ń gbé ní ìhà Lẹ́kùn-ún tàbí Òkìtìpupa, tí wọ́n mọ bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ níbẹ̀, ì bá ti dá ẹjọ́ náà bákan náà. Ìdáhùn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a kò fún wọn láyè láti dá a.

Ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ Goi, Oruma àti Ikot Ada Udo pẹ̀lú Shell, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní 2008, ni mo fẹ́ kàn fẹnu bà. Wọ́n jàre lórí èyí tí ó pọ̀ jù ní ìlú Hague ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdájọ́ dé, ọmọ ni ó dúró sí ipò baba nínú àwọn olùpẹjọ́ kan. Ẹjọ́ àwọn ará Ogale àti Bille ní Lọ́ńdọ̀nù tún gba ilé-ẹjọ́ mẹ́ta kọjá kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ní oṣù Kejì ọdún 2021 pé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni!

Níbi tí a dé yìí, ẹnìkan lè sọ pé ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀ka rẹ̀ ni mo ń sọ, pé agbaṣẹ́ṣe yàtọ̀. Òtítọ́ ni. Ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ a máa jẹ́ orúkọ baba rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní orúkọ tirẹ̀, ó ní àwọn alákòóso tirẹ̀, ó sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ràn rẹ̀ fi le jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, iná jó ilé ìránṣọ Ali Enterprises ní Karachi, níbi tí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 250 ti kú. KiK, ilé-iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú aṣọ tí a ń rán níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin pè é lẹ́jọ́ ní Dortmund ní 2015. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òfin Pakistan, àsìkò ti kọjá. Ilé-ẹjọ́ náà kò dé ibi ìbéèrè bóyá ẹni tí ó ń ra aṣọ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ilẹ̀kùn àsálà.

Èyí mú wa padà sí Nairobi. Ilé-iṣẹ́ Sama, tí a kọ́kọ́ ń pè ní Samasource, bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 2008. Leila Janah tí ó dá a sílẹ̀, tí ó sì kú ní ọdún 2020, fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀nà láti fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbé àwọn òtòṣì dìde: dípò kí a fún wọn lówó, kí a fún wọn ní iṣẹ́. Mo sọ èyí nítorí pé kò tọ́ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé apànìyàn ni gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2019, Sama gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Facebook láti máa ṣe àyẹ̀wò ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé sí ojú rẹ̀ ní Áfíríkà. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ nínú ìwé ẹjọ́ ní Kẹ́ńyà ní lẹ́tà EPZ nínú, tí ó túmọ̀ sí agbègbè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń ṣe ọjà fún ilẹ̀ òkèèrè. Ọjà tí Sama ń kó ránṣẹ́ sí òkèèrè kì í ṣe kọfí tàbí ewé tíì. Ojú àwọn ènìyàn ni, àti ọpọlọ wọn.

Kí ni iṣẹ́ náà? Ẹni tí ó bá ń lo Facebook mọ̀ pé òun kì í sábà rí fídíò ẹni tí a ń bẹ́ lórí, tàbí ti ọmọdé tí a ń fi ìbálòpọ̀ ṣe níkà. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kì í gbé e síbẹ̀; ẹnìkan ti kọ́kọ́ wò ó, ó sì ti yọ ọ́ kúrò. Àwọn aṣàyẹ̀wò ni à ń pe àwọn wọ̀nyí. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni wọ́n ń wo ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀ àti ìfọwọ́-ara-ẹni-pa-ara-ẹni ní èdè abínibí wọn, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kó wọn jọ láti Ẹtiópíà, Ùgáńdà, Sòmálíà, Gúúsù Áfíríkà, àti láti Nàìjíríà níhìn-ín. Ìwé ìròyìn Time sọ ní oṣù Kejì ọdún 2022 pé owó iṣẹ́ wákàtí kan fún àwọn kan nínú wọn kò ju dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ.

Daniel Motaung, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, wà lára àwọn tí a kó wá ní 2019. Ó sọ pé a kò sọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́ fún òun dáadáa kí òun tó kúrò nílé. Nígbà tí ó gbìyànjú láti kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kí wọ́n lè fi ohùn kan béèrè owó àti ìtọ́jú, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, agbẹjọ́rò rẹ̀, Mercy Mutemi, gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Ọ̀ràn Iṣẹ́ àti Òṣìṣẹ́ ní Nairobi. Wọ́n fi ẹ̀sùn kíkó ènìyàn ṣòwò, iṣẹ́ àfipámúniṣe àti dídènà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan Sama, tí ó sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ sí Sama. Wọ́n pe Meta pẹ̀lú, bí Facebook ti ń jẹ́ láti 2021, èyí tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti èyí tí ó wà ní Ireland.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi ìgbésẹ̀ yìí, nítorí òun ni kókó. Ó rọrùn láti pe Sama nìkan. Sama ni ó fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́, Sama ni ó ń san owó oṣù, Sama ní ọ́fíìsì ní ìlú. Bí wọ́n bá pe Sama nìkan, kò sí ìjà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹjọ́ ì bá ti yára. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe kì í ṣe òun ni ó ń pinnu iye tí iṣẹ́ tọ́, tàbí iye ìṣẹ́jú àáyá tí a ó fi wo òkú ènìyàn. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un ni. Meta dáhùn pé òun kò fi orúkọ sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà, òun kò gbé ibẹ̀, òun kò sì gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ilé-ẹjọ́ Kẹ́ńyà kò ní àṣẹ lórí òun. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023, Adájọ́ Jacob Gakeri kọ̀ láti yọ orúkọ Meta kúrò nínú ẹjọ́ náà.

Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà gbóná ni pé ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, Sama kéde pé òun ń fi iṣẹ́ ìṣàyẹ̀wò sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe mìíràn, Majorel láti Luxembourg, ni yóò gbà á. Àwọn aṣàyẹ̀wò 43 lọ sí ilé-ẹjọ́ ní oṣù Kẹta. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di 184. Wọ́n ní ìdádúró náà kò bá òfin mu, àti pé wọ́n ti sọ fún agbaṣẹ́ṣe tuntun pé kí ó má gba ẹni tí ó bá ti Sama wá. Fún ẹni tí ó ti Ẹtiópíà sá wá, tàbí tí ó ti Nàìjíríà wá, ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ bá lọ, ilẹ̀ tí ó dúró lé lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo rántí kípándè nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Adájọ́ Byram Ongaya fọhùn. Ìpinnu fún ìgbà díẹ̀ ni, kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ni pé, bí ẹ̀rí ṣe rí níwájú òun, Meta gan-an ni ọ̀gá àgbà tí ó gba àwọn ènìyàn wọ̀nyí síṣẹ́, Sama sì jẹ́ aṣojú rẹ̀. Iṣẹ́ Meta ni wọ́n ń ṣe, inú ẹ̀rọ Meta ni wọ́n ti ń ṣe é, ìlànà Meta ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí a má dá wọn dúró ná, kí a sì pèsè ìtọ́jú ara àti ti ọpọlọ fún wọn.

Báwo ni adájọ́ ṣe lè dé ibẹ̀? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Kẹ́ńyà ti 2007, níbi tí ó ti túmọ̀ ẹni tí a ń pè ní agbanisíṣẹ́, kò dúró lórí ẹni tí ó bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn nìkan. Ó fi aṣojú rẹ̀, fóòmáànù rẹ̀ àti alámòójútó rẹ̀ kún un. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí ìjọba ológun ṣe ní 1974, ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú, ó tilẹ̀ fi kún un pé ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ lè gbà á fún ara rẹ̀ tàbí fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé Nairobi wo ìwé Èkó. Ọ̀dọ̀ ìjọba amúnisìn kan náà ni irú gbólóhùn yìí ti ṣàn wá. Èyí jọ mí lójú gidigidi. Òfin àtijọ́ mẹ́nu kan aṣojú kí òṣìṣẹ́ má baà sọ pé òun kò mọ fóòmáànù. Lónìí, òun náà ni òṣìṣẹ́ dì mú láti fi wá ọ̀gá rẹ̀ kàn ní California.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ìtara yóò fẹ́ kí n sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ti borí. Rárá o. Ìgbìyànjú láti parí ọ̀ràn náà ní ìtùnbí-ìnùbí forí ṣánpọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ẹ sì fi wé ti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, àwọn aṣàyẹ̀wò tí àwọn agbaṣẹ́ṣe gbà fún Facebook pè é lẹ́jọ́ ní California ní 2018. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Facebook gbà láti san 52 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn tí wọ́n lé ní 10,000, láìjẹ́wọ́ pé òun jẹ̀bi. Agbaṣẹ́ṣe wà láàrin níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún méjì, ilé-iṣẹ́ náà jókòó sí ìdí tábìlì. Irú iṣẹ́ kan náà, irú ọgbẹ́ kan náà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ilé-ẹjọ́ ti California wà ní ìtòsí ilé ọ̀gá.

Àwọn kan tún sọ pé irú ẹjọ́ yìí ń lé iṣẹ́ kúrò ní Áfíríkà. N kò fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí pé ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, àwọn ọ̀dọ́ wa sì pọ̀ tí ń wá iṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà Sama fúnra rẹ̀ sọ fún BBC ní 2023 pé òun kábàámọ̀ pé ilé-iṣẹ́ òun gba iṣẹ́ náà. Bí agbaṣẹ́ṣe bá kábàámọ̀, n kò rí ìdí tí a ó fi ní kí òṣìṣẹ́ dúpẹ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Kẹ́ńyà da ẹ̀bẹ̀ Meta nù: ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ náà ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì, ti Motaung àti ti àwọn 184. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, a kó àbájáde àyẹ̀wò onímọ̀ ìṣègùn wá síwájú ilé-ẹjọ́. Dókítà Ian Kanyanya, tí ó jẹ́ olórí ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn Kenyatta, rí àìsàn tí ìpayà ńlá máa ń fà sílẹ̀ nínú ọpọlọ lára àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé ní 140. Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó. Ọdún méjì ààbọ̀ ti kọjá lẹ́yìn ìgbà tí Motaung kọ́kọ́ pẹjọ́, kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lórí ẹni tí ó ni iṣẹ́, kí ó tó dé orí ohun tí iṣẹ́ náà ṣe.

Ní àkókò yìí kan náà ni ọ̀nà mìíràn ṣí fún àwọn ilé-iṣẹ́. A gbé àbá kan lọ sí Ilé Aṣòfin Àgbà Kẹ́ńyà ní 2024 láti tún àwọn òfin okòwò ṣe. Nínú rẹ̀ ni gbólóhùn kan wà pé ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe irú èyí kò ní jẹ́jọ́ fún ohun tí òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe bá fi kàn án. Ààrẹ William Ruto fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba ní oṣù Kejìlá nípa wàhálà ilé-ẹjọ́ tí ó bá àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, àti nípa òfin tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò àti ẹgbẹ́ àwọn aṣàyẹ̀wò, tí wọ́n ti kóra jọ ní Nairobi ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bẹnu àtẹ́ lu àbá náà. Àbá náà kò sọ ohunkóhun nípa fídíò, tàbí nípa owó iṣẹ́, tàbí nípa ìtọ́jú ọpọlọ. Aṣojú nìkan ni ó kàn, okùn tí Adájọ́ Ongaya fi so Sama mọ́ Meta ní 2023: bí àbá náà bá di òfin, okùn náà kò ní lè dé ọrùn ẹni tí ó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́.